Káàdì gíráfíìsì ti wọ́n ju àgbò Iléyá lọ: tòkunbọ̀ ni kí n rà, àbí kí n ṣì dúró?

Ayàwòrán_Mọ́kọ́lá

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará. Mo nílò ìmọ̀ràn yín kí n tó náwó yìí.

Ìbàdàn ni mo wà. Iṣẹ́ fídíò ni mò ń ṣe: ìgbéyàwó, ìsìnkú àgbà, ìpolówó fún àwọn onísọ́ọ̀bù, pẹ̀lú iṣẹ́ Blender (ètò tí a fi ń ya àwòrán 3D) díẹ̀díẹ̀ fún àwọn tó ń ya àwòrán ilé. Láti 2019 ni mo ti ń lo GTX 1060 onímẹ́mọ́rì 6GB, káàdì gíráfíìsì NVIDIA, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán sójú kọ̀ǹpútà. Tòkunbọ̀ ni mo rà á, kò sì já mi kulẹ̀ rí. Àfi lóṣù tó kọjá tí oníbàárà kan ní kí n ya ilé alájà mẹ́ta, kí kámẹ́rà rìn yí i ká. Fídíò ìṣẹ́jú kan péré! Òru méjì gbáko ni kọ̀ǹpútà fi ń render rẹ̀ (sọ ọ́ di fídíò) bí ẹni ń se ẹsẹ̀ màlúù. Bó ṣe dé ìdajì, Blender ní mẹ́mọ́rì káàdì ti tán, ló bá dákú. Mo ní láti gé ilé náà sí wẹ́wẹ́ kí n tó rí i ṣe.

Mo wá lọ béèrè iye tí wọ́n ń ta káàdì tuntun. Ẹnu mi ò padé. Nígbà tí 1060 jáde ní 2016, dọ́là 249 ni NVIDIA pè é. RTX 4060 tó jáde ní 2023, dọ́là 299. Ẹni tó ń gba owó oṣù ní dọ́là á ní kí ló wá ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ṣẹ́ ẹ sí owó tiwa. Ní ìparí 2016, nǹkan bíi ₦305 ni dọ́là kan ní báńkì, 1060 kò ju ₦76,000 lọ lórí ìwé. Ẹ wá fi ₦1,500 ṣẹ́ dọ́là 299: ₦448,500. A ò tíì dé ọ̀dọ̀ kọ́sítọ́ọ̀mù o, a ò sì tíì sọ̀rọ̀ èrè ẹni tó kó o wọlé.

Kí ló dé tí owó káàdì kì í rọlẹ̀ bíi ti tẹlifíṣọ̀n? Ṣé kí n dúró dè é ni? Bí n kò bá ní dúró, kí ni kí n fi ₦420,000 tó wà lọ́wọ́ mi rà?

Otigba_Àgbà

Àbúrò, kú ìrójú. Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń jókòó ní Computer Village ní Ìkẹjà, mo sì lè sọ fún ọ pé náírà ló jẹ ìdajì ẹ̀bi yìí. ₦305 tí o wí yẹn, ẹni tí báńkì bá dá lóhùn ló rí i rà. Àwa tí a ń ra dọ́là lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ó ti lé ní ₦400 lọ́dọ̀ tiwa nígbà yẹn.

Ìdajì yòókù, ọ̀rọ̀ àwọn tó ń ṣe é ni. Láyé ìgbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ kọ̀ǹpútà, orúkọ wọn pọ̀: 3dfx, S3, Matrox, ATI, NVIDIA. Ní ìparí 2000, NVIDIA ra èyí tó pọ̀ jù nínú ohun ìní 3dfx. Ní 2006, AMD fi bílíọ̀nù 5.4 dọ́là ra ATI. Àwọn yòókù kúrò nínú ìdíje, ó ku méjì. Intel padà wọjà ní 2022 pẹ̀lú Arc, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì múlẹ̀. Ní 2025, àwọn tó ń ka ọjà yìí ní nínú káàdì 100 tó jáde fún dẹ́sítọ́ọ̀pù, ti NVIDIA lé ní 90. Wò ó bí ọlọ́jà: bí ẹnì kan bá ni ìsọ̀ mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ní ọjà ata, ta ló fẹ́ bá a ná an?

Èyí tó tún wá burú ni pé ìkòkò kan náà ni gbogbo wọn ń sè nínú. NVIDIA kò ní ilé iṣẹ́ tó ń tẹ chip, ìyẹn ọpọlọ káàdì, AMD náà kò ní. TSMC ní Taiwan ló ń bá wọn tẹ̀ ẹ́. Intel tó ní tiẹ̀ nílé, TSMC náà ló gbé chip Arc fún. NVIDIA ya sọ́dọ̀ Samsung fún ìran RTX 30 ní 2020, ó tún padà. Ẹ̀rọ ìtànṣán tí wọ́n fi ń tẹ àwọn chip tó kéré jù lọ yìí, ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo ló ń ṣe é ní gbogbo ayé, ASML ní Netherlands. Bí TSMC bá fi owó kún un, gbogbo ọjà ló máa san án.

Ìyá_Ìbejì_Lewisham

Ẹ má rò pé ẹ̀yin nìkan lọ̀rọ̀ yìí ń dùn. London ni mo wà, VAT 20 lórí 100 ti wà nínú iye tí wọ́n bá pè fún wa. Táyé fẹ́ káàdì, Kẹ́hìndé náà fẹ́ káàdì. Ẹ gba mí o.

Mo fẹ́ fi kún ọ̀rọ̀ aláta tí Ẹ̀gbọ́n Otigba sọ, torí iṣẹ́ ìṣírò owó ni mò ń ṣe, mo sì máa ń ka ìwé ìṣúná àwọn ilé iṣẹ́ bí ẹlòmíì ṣe ń ka ìwé ìròyìn. Ní ọdún ìṣúná NVIDIA tó parí ní oṣù Kìíní 2025, bílíọ̀nù 130.5 dọ́là ló wọlé fún wọn. Bílíọ̀nù 115.2 nínú rẹ̀ wá láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ra chip sí ilé kọ̀ǹpútà ńláńlá, àwọn tó ń kọ́ AI. Gbogbo wa tí a ń ra káàdì fún eré kọ̀ǹpútà, nǹkan bíi bílíọ̀nù 11.4 ni tiwa. Ẹ ti rí ìyàwó ilé tó ń ná ata ₦500 rí, tí olóúnjẹ kan wá dé tó ní òun máa kó gbogbo apẹ̀rẹ̀? Ojú wo ni aláta máa fi wo ìyàwó ilé? Kò ní lé e lọ o, ṣùgbọ́n kò ní bá a dín kọ́bọ̀ kù.

Ibi tó ti wá dùn mí ni pé ẹnu ọ̀nà kan náà, ní TSMC, ni chip olówó gọbọi yẹn àti chip káàdì tiwa jọ ń tò sí.

Pupa_Ni_Tèmi

Ẹ̀ ń ra NVIDIA, ẹ tún ń sunkún. Ẹ ra AMD!

Ẹ jẹ́ kí n rán yín létí. Oṣù Kẹta 2017, 1080 Ti ti NVIDIA tó jẹ́ ọ̀gá gbogbo káàdì eré jáde ní dọ́là 699. Nígbà tó fi máa di ìparí 2018, AMD kò ní ohunkóhun tó lè bá a dé òkè yẹn, ni 2080 Ti bá jáde ní dọ́là 999. Kò sí ẹni tó lè sọ pé "mi ò rà á, màá ra ti ẹgbẹ́ rẹ", torí ẹgbẹ́ ò sí. Ní 2022, wọ́n kéde 4080 méjì, ọ̀kan 16GB, èkejì 12GB ní dọ́là 899. Chip inú wọn kì í ṣe ọ̀kan náà, orúkọ nìkan ló bá ara mu. Ariwo tí àwọn èèyàn pa pọ̀ débi pé NVIDIA kó èyí kékeré nílẹ̀ kó tó dé ọjà. Oṣù Kìíní 2023, òun náà ló padà wá pẹ̀lú orúkọ 4070 Ti, dọ́là 799. Ariwo ló gba dọ́là 100 yẹn padà, kì í ṣe àánú.

RX 9070 XT tí AMD gbé jáde ní oṣù Kẹta 2025, dọ́là 599, mẹ́mọ́rì 16GB. Owó yẹn ju tìẹ lọ, Mọ́kọ́lá, mo mọ̀. Wá RX 6700 XT tòkunbọ̀, 12GB nìyẹn.

Otigba_Àgbà

Pupa, ká ní eré ló fẹ́ máa gbá, n kò ní bá ọ jiyàn. Ṣùgbọ́n Blender ló sọ. Láti 2007 tí CUDA, èdè tí NVIDIA ṣe fún káàdì tiẹ̀, ti jáde ni àwọn tó ń kọ ètò iṣẹ́ ti ń fi èdè NVIDIA kọ ọ́. Ẹni tó bá kọ́kọ́ kọ́ ọmọ lédè, ohùn ẹni náà lọmọ máa fi sọ̀rọ̀. Blender ń gba AMD báyìí nípasẹ̀ HIP, èdè ti AMD, ṣùgbọ́n wo Cycles (apá Blender tó ń render) lórí NVIDIA pẹ̀lú OptiX, ètò ti NVIDIA, kí o fi wé e. Ìdí nìyẹn tí AMD fi lè ta ọjà rẹ̀ ní ẹ̀dínwó, tí àwa oníṣẹ́ kò sì ní kúrò níbi tí a wà. Ìyẹn gan-an ni ìdíje tí kò lágbára.

Àbíkẹ́_Kódù

Ẹ̀ ń jà, ẹ̀ ń jà. Ṣé ẹ mọ̀ pé ẹbí ni Jensen Huang tó ń darí NVIDIA àti Lisa Su tó ń darí AMD? Taiwan ni wọ́n bí àwọn méjèèjì sí. Mo kàn ní kí n sọ ọ́.

Pupa_Ni_Tèmi

Àbíkẹ́, má fi ìpàdé ẹbí bà mí nínú jẹ́ láàárọ̀ yìí.

Bàbá_Solder

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ fi NVIDIA sílẹ̀ ná. Ohun tí ọmọ yìí máa rà ni ká sọ. Abẹ́òkúta ni mo ti ń tún bọ́ọ̀dù ṣe, káàdì tòkunbọ̀ tó ti kọjá lọ́wọ́ mi kò níye.

Àwọn èèyàn ń bẹ̀rù káàdì tí wọ́n fi wa crypto, owó orí íntánẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí Ethereum, ọ̀kan nínú crypto, yí ọ̀nà padà ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹsàn-án 2022 tí kò nílò káàdì mọ́, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ káàdì rẹpẹtẹ lọ́jọ́ kan, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì wọ ọjà tòkunbọ̀. Kì í ṣe gbogbo wọn ló bàjẹ́. Èyí tó ń ṣiṣẹ́ tọ̀sántòru lórí ooru kan náà, fáànù rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ gbó, àti rọ́bà pẹlẹbẹ tó ń fa ooru kúrò lára mẹ́mọ́rì. Méjèèjì ṣe é pààrọ̀. Èmi bẹ̀rù èyí tí wọ́n ti gbé sínú ààrò rí ju ìyẹn lọ, torí àwọn kan máa ń yan káàdì tó ti kú kó lè jí fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí wọ́n tó tà á. Tẹ orí rẹ sún mọ́ ọn, gbóòórùn rẹ̀. Wo orí ìdè rẹ̀ bóyá wọ́n ti tú u. Wo ibi tí chip ti jókòó lórí bọ́ọ̀dù bóyá ó ní òróró tàbí dúdú iná.

Irọ́ tó wọ́pọ̀ jù ni ti orúkọ. Ọdún mélòó kan sẹ́yìn, èmi náà jẹ ẹ́. Mo ra 1050 Ti tó dán gbinrin, páálí rẹ̀ pé, mo dé ilé, àṣé káàdì àtijọ́ pátápátá ni, wọ́n kàn kọ orúkọ tuntun sínú BIOS rẹ̀, ètò tó wà nínú káàdì fúnra rẹ̀. Windows gan-an ń pè é ní 1050 Ti! Mo padà sí ìsọ̀ náà, wọ́n ní àwọn ò mọ̀ mí rí. Láti ọjọ́ yẹn, GPU-Z, ètò tó ń fi ohun tó wà nínú káàdì hàn, ni mo ń gbé kiri nínú fíláàṣì. Láti 2018 ni ètò yẹn ti lè dá ayédèrú NVIDIA mọ̀, tí á kọ FAKE sí iwájú orúkọ rẹ̀. Bí ẹni tó ń tà kò bá jẹ́ kí o ṣí GPU-Z, kí i pé ó dàbọ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún méjì míì. P106-100: chip 1060 ni, ṣùgbọ́n ihò tí wọ́n ń ki wáyà ojú kọ̀ǹpútà sí kò sí lára rẹ̀, torí fún wíwa crypto ni wọ́n ṣe é. Èkejì ni RX 580 tí wọ́n kọ 2048SP sí lára. Kì í ṣe RX 580 gidi, ó rẹlẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n iye kan náà ni wọ́n ń pè é fún ẹni tí kò bá mọ̀.

Lẹ́yìn GPU-Z, ṣí FurMark, ètò tó ń fi iṣẹ́ líle dán káàdì wò, kó sáré fún ogún ìṣẹ́jú, kí o máa wo ooru. Ojú kọ̀ǹpútà kò gbọ́dọ̀ ní àmì tótòtó kankan. Bí ìsọ̀ náà bá ń lo jẹnẹrétọ̀ kékeré tí iná rẹ̀ ń gbọ̀n, ẹ lọ síbi tí inverter wà, torí ẹ ò ní mọ̀ bóyá káàdì ló ń dákú ni àbí iná.

Àbíkẹ́_Kódù

Arc B580 ńkọ́? Dọ́là 249 ni Intel pè é ní oṣù Kejìlá 2024, mẹ́mọ́rì rẹ̀ sì jẹ́ 12GB. Tuntun ni yóò rà nìyẹn.

Otigba_Àgbà

Ìbéèrè dáadáa. Mọ́kọ́lá, kí ló wà nínú kọ̀ǹpútà rẹ?

Ayàwòrán_Mọ́kọ́lá

Core i7-4790, RAM 16GB, power supply (àpótí tó ń pín iná) 450W. Ẹ má rẹ́rìn-ín o.

Otigba_Àgbà

N kò rẹ́rìn-ín. Idajì àwọn oníbàárà mi ló wà níbẹ̀.

Arc ti kúrò nínú ọ̀rọ̀ nìyẹn. Ó fẹ́ bọ́ọ̀dù tó ní Resizable BAR (ohun tó ń jẹ́ kí ọpọlọ kọ̀ǹpútà rí gbogbo mẹ́mọ́rì káàdì lẹ́ẹ̀kan), Core ìran kẹwàá lọ sókè ni Intel fúnra rẹ̀ ní ká fi í sí. Lórí ìran kẹrin tìrẹ, á máa wọ́ bí ìgbín. RTX 4060 náà, 8GB ni mẹ́mọ́rì rẹ̀, ìlà 8 péré ló sì fi ń bá bọ́ọ̀dù sọ̀rọ̀. Lórí bọ́ọ̀dù tìrẹ tó jẹ́ PCIe 3.0, irú ọ̀nà àtijọ́, ọ̀nà yẹn á há díẹ̀. Ó yá ju RTX 3060 tí mo fẹ́ dárúkọ lọ, n kò sẹ́, ṣùgbọ́n ohun tó pa ọ́ lẹ́kún kì í ṣe iyára. Mẹ́mọ́rì ló tán lọ́wọ́ rẹ.

Wá RTX 3060 onímẹ́mọ́rì 12GB. Dọ́là 329 ni wọ́n pè é ní 2021, ó lo ìlà 16 pé. Ohun kan wà tí o gbọ́dọ̀ fojú sí: ní ìparí 2022, NVIDIA tún gbé 3060 míì jáde tó jẹ́ 8GB, ọ̀nà mẹ́mọ́rì rẹ̀ sì dín, orúkọ kan náà ni wọ́n fún un. Ọ̀pọ̀ òǹtajà gan-an kò mọ ìyàtọ̀. Wo GPU-Z. Power supply rẹ ò tó o. 1060 ń jẹ 120W, 3060 ń jẹ 170W, 550W ni NVIDIA ní kéèyàn ní. Má fi ayédèrú 600W tó fúyẹ́ bíi páálí bísíkíìtì sí i o. Fọwọ́ gbé e kí o tó rà á.

Ọmọ_Modákẹ́kẹ́

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ ti gbàgbé àwa tí a ò ní ₦420,000. Ifẹ̀ ni mo ti ń kàwé, n kò ní káàdì kankan. Iṣẹ́ ẹ̀kọ́ AI tí olùkọ́ fún wa, orí Kaggle, ìkànnì tó ń yáni ní kọ̀ǹpútà, ni mo ti ń ṣe é, wọ́n ń fún èèyàn ní nǹkan bíi ọgbọ̀n wákàtí GPU (chip káàdì) lọ́sẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Google Colab náà ń fúnni ní T4, káàdì NVIDIA kan, lọ́fẹ̀ẹ́ nígbà tó bá wù ú.

Ẹ̀gbọ́n Mọ́kọ́lá, fún Blender, ẹ wo SheepIt. Àáró gan-an ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀! Kọ̀ǹpútà yín á bá ẹlòmíì render díẹ̀ nígbà tí ẹ kò bá lò ó, ẹ óò gba máàkì, nígbà tí iṣẹ́ yín bá wá wúwo, kọ̀ǹpútà àwọn ẹlòmíì á wá bá yín ro oko tiyín. Dátà ni wàhálà rẹ̀, torí gbogbo fáìlì lẹ máa gbé lọ sókè. Òru ni kí ẹ ṣe é. Ẹ má sì gbé iṣẹ́ oníbàárà tó ní àṣírí síbẹ̀.

Ìyá_Ìbejì_Lewisham

Àáró orí íntánẹ́ẹ̀tì! Ọmọ yìí, Ọlọ́run á jẹ́ kí o yege.

Kí n dáhùn ti dídúró. Mọ́kọ́lá, má dúró. Mẹ́mọ́rì náà ti dà bíi chip. Samsung, SK hynix àti Micron, àwọn mẹ́ta yìí ló di èyí tó pọ̀ jù nínú mẹ́mọ́rì ayé mú, àwọn oní-AI sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó apẹ̀rẹ̀ tiwọn náà lọ. Ní ìparí 2025 owó RAM fò sókè. Oṣù Kejìlá ọdún náà, Micron kéde pé òun máa jáwọ́ nínú Crucial, orúkọ tí òun fi ń ta mẹ́mọ́rì fún àwa ará ilé. Mẹ́mọ́rì wà lórí gbogbo káàdì. Mo ti ra ti Táyé, mo ní kí Kẹ́hìndé jẹ́ kí wọ́n jọ máa lò ó. Ìjà ti dé.

Ayàwòrán_Mọ́kọ́lá

Ọ̀sẹ̀ méjì rèé, mo ní kí n wá jábọ̀.

Mo wọ mọ́tò lọ sí Ìkẹjà láàárọ̀ kùtù. Ìsọ̀ àkọ́kọ́, 3060 "12GB" tó mọ́ tónítóní. Mo ki fíláàṣì bọ̀ ọ́, GPU-Z ní 8GB. Ọkùnrin náà yà á lẹ́nu ju èmi lọ, ó ní bí wọ́n ṣe tà á fún òun nìyẹn. N kò mọ̀ bóyá irọ́ ni, ṣùgbọ́n ó fún mi ní omi tútù. Ìsọ̀ kejì kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà, mo kí i pé ó dàbọ̀ bí Bàbá Solder ṣe wí. Ìsọ̀ kẹta ní inverter. Ogún ìṣẹ́jú FurMark, ooru kò ju ìwọ̀n 74 lọ, fáànù kan ń dún díẹ̀. Mo fi fáànù yẹn ná owó náà wálẹ̀. Èyí tó kù lọ́wọ́ mi ni mo fi kún owó power supply 650W tòkunbọ̀ tó wúwo bí ọlọ.

Ilé alájà mẹ́ta yẹn, mo tún un ṣe láìgé e. Wákàtí mẹ́rin ó lé díẹ̀. Mo jí lóru láti lọ wò ó, mo rò pé ó ti dákú ni, àṣé ó ti parí.

Bàbá_Solder

Ó káre. Gbé fáànù yẹn wá bí o bá ya Abẹ́òkúta, epo kan péré ló ń béèrè.

Pupa_Ni_Tèmi

1060 yẹn ńkọ́? Àbúrò mi ń wá èyí tó máa fi bẹ̀rẹ̀. Èló?

Ayàwòrán_Mọ́kọ́lá

Ó wà nínú páálí rẹ̀. Pupa, o fẹ́ ra NVIDIA? Wá sí Mọ́kọ́lá ká jọ ná an, kí o sì mú fíláàṣì rẹ dání.